Ìwé ìbúra ilé ẹjọ́: Ojú ta ni ẹ ti fọwọ́ sí i?

Ìbéèrè kan wà tí àwọn agbẹjọ́rò máa ń fi pamọ́ di ìgbà tí ẹlẹ́rìí bá ti rò pé wàhálà òun ti parí. Kò gùn, kò sì le láti dáhùn. Agbẹjọ́rò yóò dìde, yóò gbé ìwé tí ẹlẹ́rìí búra lé lórí sókè, yóò ní: “Bàbá, níbo lẹ wà nígbà tí ẹ fọwọ́ sí ìwé yìí?” Bàbá tí kò mọ ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà yóò dáhùn tọkàntọkàn pé ọ́fíìsì lọ́yà òun ni, pé lọ́yà ló ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, òun sì fọwọ́ sí i níbẹ̀, ọmọ iṣẹ́ lọ́yà ló wá gbé e lọ sí kóòtù. Bàbá kò purọ́. Òtítọ́ tó sọ yìí gan-an ló sì lè sọ ìwé náà di ìwé lásán, kí ẹ̀rí tó fẹ́ jẹ́ lórí ilẹ̀ baba rẹ̀ sì bá omi lọ.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí nìyẹn. Ìwé ìbúra, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí àfidéfíìtì, ti di ohun tí kò sí ilé tí kì í wọ̀. Ẹni tó sọ ìwé ọkọ̀ nù ń wá a. Obìnrin tó fẹ́ máa jẹ́ orúkọ ọkọ rẹ̀ ń wá a. Àwọn ọmọ tó fẹ́ gba owó tí baba wọn fi sílẹ̀ ní báńkì ń wá a, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí wọn kò kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ sílẹ̀, àti olóṣèlú tó fẹ́ dupò. Nínú ẹjọ́ fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n ń mú wá síwájú adájọ́, orí ìwé ìbúra ni wọ́n ń gbé e kà. Bí ìwé náà bá wó, ohun tí wọ́n kọ́ lé e lórí ti wó pẹ̀lú rẹ̀.

Ìwé ìbúra kò ju èyí lọ: ọ̀rọ̀ tí ènìyàn kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tó mọ̀ sí òtítọ́, tó sì búra lé lórí níwájú ẹni tí òfin fún láṣẹ láti gba ìbúra. Àwọn ènìyàn wa fẹ́ràn apá kìíní, ìyẹn ọ̀rọ̀ inú ìwé, wọ́n sì fẹ́ràn òǹtẹ̀ tó wà nísàlẹ̀. Ohun tó wà láàárín méjèèjì ni wọ́n ń fò dá, ìyẹn ìbúra fúnra rẹ̀.

Àwọn baba wa kò ní òǹtẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tí ìbúra jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ búra yóò jáde síta, yóò fi ẹnu kan irin, ojú gbogbo ènìyàn ni yóò sì ti sọ ohun tó fẹ́ sọ. Títí di òní, kì í ṣe ohun àjèjì ní kóòtù ìbílẹ̀ kí ẹlẹ́rìí ní irin lòun fẹ́ fi búra, nígbà tí Kristẹni yóò di Bíbélì mú, tí Mùsùlùmí yóò di Kùránì mú. Òfin tilẹ̀ fàyè gba ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò jẹ́ kó búra láti fi ọlá ara rẹ̀ tẹnu mọ́ òtítọ́ láìfi nǹkan kan búra. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí, kò sí èyí tí ènìyàn ti lè rán ọmọ lọ búra fún òun. Ta ni yóò rán ẹlòmíràn lọ fi ẹnu kan irin ní orúkọ òun? Ó yani lẹ́nu pé ohun tí ẹnikẹ́ni kò jẹ́ dán wò nídìí irin ni a ń ṣe lójoojúmọ́ nídìí ìwé.

Ẹ lọ sí ẹnu géètì ilé ẹjọ́ ní èyíkéyìí nínú àwọn ìlú ńlá wa ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ẹ ó rí agboòrùn, tábìlì kékeré, kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí jẹnẹrétọ̀ ń gbé. Láyé ọjọ́sí, ẹ̀rọ táípù ni. Kí ẹsẹ̀ yín tó kan géètì ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan yóò ti béèrè pé, “Mọ̀mí, ṣé àfidéfíìtì ni?” Yóò gba orúkọ yín, yóò gba fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, yóò fún yín ní ìjókòó, yóò sì wọlé lọ. Kò ní pẹ́ tí yóò fi jáde pẹ̀lú ìwé tí wọ́n ti lu òǹtẹ̀. Mo ti jókòó síbẹ̀ rí. Mo rí ìyá àgbàlagbà kan tó gba ìwé rẹ̀ lọ́nà yìí, tó sì ń ṣàdúrà fún ọmọ náà pé àwọn ọmọ tirẹ̀ náà yóò rí ẹni bá wọn ṣeré. Kò sí ẹni tó ka ohun tó wà nínú ìwé náà sí ìyá létí. Kò rí ojú òṣìṣẹ́ tí ìwé náà sọ pé ó búra níwájú rẹ̀. Ó san ju iye tó wà lórí rìsíìtì lọ, bí rìsíìtì bá tilẹ̀ wà, ó sì ń dúpẹ́.

Èmi kò sọ pé ọ̀bàyéjẹ́ ni gbogbo àwọn tó wà lẹ́nu géètì o. Ẹni tó bá ènìyàn tẹ ìwé ṣe iṣẹ́, ó sì yẹ kó gbowó iṣẹ́ rẹ̀. Àléébù wọ̀ ọ́ nígbà tó bá gba ìwé lọ́wọ́ oníwèé, tó ní kó dúró síta, tó sì lọ dúró níwájú òṣìṣẹ́ kóòtù dípò rẹ̀.

Ohun tí òfin wí

Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 ló to ọ̀rọ̀ ìwé ìbúra sílẹ̀, láti abala 107 títí dé 120. Òfin náà sọ pé ìwé ìbúra tí wọ́n ṣe níwájú adájọ́, òṣìṣẹ́ ilé ẹjọ́ tàbí ẹlòmíràn tí a fún láṣẹ ni kóòtù lè lò. Nílé ẹjọ́ wa, òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Kọmíṣánnà fún Ìbúra ló sábà máa ń ṣe iṣẹ́ yìí. Nótárì, ìyẹn agbẹjọ́rò tí wọ́n yàn láti máa jẹ́rìí sí ìwé, náà láṣẹ, ṣùgbọ́n àṣẹ rẹ̀ ní ààlà, orí ààlà yẹn sì ni ọ̀pọ̀ ti kọsẹ̀.

Abala 112 ni ààlà náà wà. Ó ní ilé ẹjọ́ kò gbọdọ̀ gba ìwé ìbúra tí ẹ̀rí bá fi hàn pé wọ́n ṣe níwájú ẹni tó fẹ́ fi ìwé náà gbe ara rẹ̀ lẹ́yìn, tàbí níwájú agbẹjọ́rò rẹ̀, tàbí níwájú ẹni tí agbẹjọ́rò náà bá dòwò pọ̀, tàbí akọ̀wé rẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò farasin. Ẹni tó ń gba ìbúra gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí kò sí ohun tó máa jẹ tàbí tó máa pàdánù nínú ọ̀rọ̀ náà, tó lè sọ fún ẹni tó wá búra pé, “Ẹ dúró ná, ṣé ohun tí ẹ fẹ́ sọ nìyí?” Lọ́yà tó ti gbowó ẹjọ́ kò lè jẹ́ ẹni yẹn, bó ti wù kó jẹ́ olóòótọ́ tó.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwọn tálákà nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ń ká mọ́. Lẹ́yìn ìdìbò ààrẹ ti oṣù kẹrin ọdún 2007, Muhammadu Buhari pe ẹjọ́ ta ko ìkéde tí wọ́n ṣe pé Umaru Yar’Adua ló wọlé. Àwọn agbẹjọ́rò tó mọṣẹ́ ló wà nídìí ẹjọ́ náà. Síbẹ̀, àkọsílẹ̀ àwọn ẹlẹ́rìí rẹ̀ kan, iwájú nótárì kan tó jẹ́ agbẹjọ́rò nínú ọ́fíìsì àwọn tó ń bá a ṣẹjọ́ ni wọ́n ti búra sí i. Ilé-Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn, tó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà, ti àwọn àkọsílẹ̀ wọ̀nyẹn síta. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, ìdájọ́ ọjọ́ kejìlá oṣù Kejìlá ọdún 2008, èyí tí Adájọ́ Niki Tobi ka ti àwọn tó pọ̀ jù, fara mọ́ ohun tí wọ́n ṣe. Òfin Ẹ̀rí tó wà nígbà yẹn kọ̀ ọ́, Òfin Nótárì náà kò sì gbà kí nótárì lo agbára rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ tó kan òun fúnra rẹ̀. Ẹjọ́ náà ní ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ mìíràn nínú o, kì í ṣe èyí nìkan ló pinnu rẹ̀. Adájọ́ mẹ́rin ló dájọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí mẹ́ta yapa. Ṣùgbọ́n ẹ ro ó wò: ẹjọ́ tó kan ẹni tí yóò ṣàkóso orílẹ̀-èdè, ẹ̀rí wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti búra sí i kò jẹ́ kó ṣeé gbọ́.

Ti ẹni tó fọwọ́ sí ìwé ní ọ́fíìsì lọ́yà, tí wọ́n wá gbé e lọ fún Kọmíṣánnà lẹ́yìn rẹ̀, yàtọ̀ díẹ̀ sí ti òkè yìí, nítorí pé òṣìṣẹ́ tó lù ú lóǹtẹ̀ láṣẹ. Ẹni tó búra ni kò sí níbẹ̀. Lórí èyí, àwọn ìdájọ́ Ilé-Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn kò fi gbogbo ìgbà sọ ohun kan náà. Nínú àwọn ẹjọ́ kan, wọ́n ní nígbà tí ẹlẹ́rìí ti dé inú àpótí, tó ti búra níbẹ̀, tó sì ti sọ pé òun fara mọ́ ohun tó wà nínú ìwé, àléébù àkọ́kọ́ ti tán. Nínú àwọn mìíràn, wọ́n ní ìwé tí a kò búra sí níwájú ẹni tó láṣẹ kì í ṣe ẹ̀rí rárá, kò sì sí bí a ṣe lè jí òkú rẹ̀ dìde nínú àpótí. Ẹni tó bá gbọ́n kò ní fi ilẹ̀ rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ lórí apá tí adájọ́ yóò tẹ̀ sí. Owó ọkọ̀ láti ọ́fíìsì lọ́yà dé kóòtù kò tó iye tí ìyàtọ̀ yẹn lè ná a.

Ohun kan tó ń mú kí àṣìṣe yìí pẹ́ kó tó hàn ni pé òfin máa ń ro rere sí iṣẹ́ ìjọba. Abala 168 sọ pé bí iṣẹ́ òṣìṣẹ́ bá ti jọ ohun tí wọ́n ṣe bó ṣe tọ́, ilé ẹjọ́ yóò gbà pé wọ́n tẹ̀lé gbogbo ìlànà, àyàfi bí ẹnìkan bá fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, òǹtẹ̀ lè bo ìwé mọ́lẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Ọjọ́ tí ẹlẹ́rìí bá dáhùn ìbéèrè agbẹjọ́rò ni aṣọ yóò ká.

Ohun tó yẹ kó wà nínú ìwé, àti bí wọ́n ṣe ń bà á jẹ́

Ìwé ìbúra ti inú ẹjọ́ gbọ́dọ̀ ní orúkọ kóòtù àti ti ẹjọ́ lókè, orúkọ ẹni tó ń búra ní kíkún, iṣẹ́ rẹ̀, ibùgbé rẹ̀ àti ọmọ orílẹ̀-èdè tó jẹ́. Ẹnu “èmi” ni wọ́n fi ń kọ ọ́, pẹ̀lú nọ́ńbà lórí ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìkan ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Àríyànjiyàn òfin, ẹ̀bẹ̀ sí adájọ́ àti èrò lásán kò ní àyè. Bí ẹni tó ń búra bá sì ń sọ ohun tí ẹlòmíràn sọ fún un, ó ní láti dárúkọ ẹni náà, kó sọ ìgbà tó gbọ́ ọ, ibi tó ti gbọ́ ọ àti bó ṣe gbọ́ ọ. Ìdí nìyí tí ọmọ iṣẹ́ lọ́yà fi lè ṣe ìwé ìbúra ní orúkọ ara rẹ̀, tí yóò sọ pé, “Oníbàárà wa, Lágbájá, sọ fún mi ní ọ́fíìsì wa ní ọjọ́ báyìí.” Ìyẹn kò lòdì sófin. Ohun tó lòdì ni kí ọmọ iṣẹ́ náà fọwọ́ sí i bí ẹni pé òun ni Lágbájá.

Ìwé ọjọ́ orí ni ìlànà yìí ti fọ́ jù. Ṣáájú kí òfin tó sọ ọ́ di dandan káàkiri orílẹ̀-èdè ní ọdún 1992 pé kí wọ́n máa kọ ìbí sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò ní ìwé ìbí. Òbí tàbí ẹ̀gbọ́n tó mọ̀ nípa ìbí náà ló yẹ kó búra pé ìgbà báyìí ni wọ́n bí i. Àwọn àgbà wa sì ní kàlẹ́ńdà tiwọn: wọ́n á ní ọdún wẹ́tíẹ̀ ni, tàbí ìgbà Agbẹ́kọ̀yà, èyí tí ènìyàn lè fi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wà láàárín 1965 sí 1969. Èyí dára. Ṣùgbọ́n ẹ ó rí ìwé tí ẹni ogójì ọdún ti búra pé òun mọ ọjọ́ tí wọ́n bí ẹ̀gbọ́n òun tó jẹ́ ẹni àádọ́ta. Ta ló gbé e jókòó níbi ìkómọ náà? Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ń fẹ̀yìn tì ní ọgọ́ta ọdún tàbí lẹ́yìn ọdún márùndínlógójì lẹ́nu iṣẹ́, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ dé. Nítorí náà, ìwé ọjọ́ orí kejì tí ènìyàn lọ ṣe nígbà tí ìfẹ̀yìntì ku ọdún méjì, ojú mìíràn ni wọ́n fi ń wò ó.

Ní ti pípa nǹkan rẹ́, òfin kò ṣe é ní wàsá. Bí ohunkóhun bá yí padà nínú ìwé kí ìbúra tó wáyé, òṣìṣẹ́ tó ń gba ìbúra gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí àtúnṣe náà wà. Lẹ́yìn ìbúra, kò gbọdọ̀ gbà kí wọ́n yí ohunkóhun padà láìjẹ́ pé wọ́n tún búra. Bí ìwé náà kò bá ṣeé kà, tàbí tó bá kíyè sí i pé wọ́n kọ ọ́ lọ́nà tí jìbìtì fi lè rọ̀ wọ́n lọ́rùn, bí àpẹẹrẹ tí wọ́n fi àyè òfìfo sílẹ̀ láàárín, ó ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀ ọ́, kó ní kí wọ́n lọ tún un kọ. Kọmíṣánnà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò lo ẹ̀tọ́ yìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń kà á sí ìgbéraga.

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn ìwé, èyí tí àwọn lọ́yà ń pè ní jùrátì, ló ń sọ ọjọ́ tí wọ́n búra, ibi tí wọ́n ti búra, àti ẹni tí wọ́n búra níwájú rẹ̀. Òfin ní kí ó wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ inú ìwé gan-an, ní apá òsì, láìsí ìparẹ́ kankan nínú rẹ̀. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà ìwé. Bí jùrátì bá dá wà lórí abala ìwé kan, tí ọ̀rọ̀ tí wọ́n búra lé lórí wà lórí òmíràn, ẹni tó bá ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lè yọ ojú ewé àkọ́kọ́, kó fi tirẹ̀ rọ́pò, kí òǹtẹ̀ tòótọ́ máa jẹ́rìí sí irọ́. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí jùrátì àti ó kéré tán ìpínrọ̀ kan nínú ọ̀rọ̀ wà lójú ewé kan náà, kí olùbúra sì fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ gbogbo ojú ewé, bí òfin kò tilẹ̀ pa á láṣẹ.

Àwọn tí kò mọ̀wé ló yẹ kí a dúró tì jù. Fún ẹni tí kò mọ̀wé tàbí tí kò ríran, jùrátì gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀, kó sì sọ pé wọ́n ka ìwé náà sí i létí, tàbí pé wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí èdè rẹ̀ bí kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, àti pé ó hàn pé ó yé e. Bí ó bá jẹ́ pé ìka ló tẹ̀, jùrátì yóò sọ pé ojú òṣìṣẹ́ náà ló ṣe tẹ̀ ẹ́. Òfin tó ń dáàbò bo àwọn aláìmọ̀wé, tó ti wà ní ilẹ̀ wa láti ayé òyìnbó, tún fi kún un pé ẹni tó bá bá wọn kọ ìwé gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ síbẹ̀. Bí ẹ bá ń ran ìyá tàbí bàbá yín lọ́wọ́, ẹ tẹnu mọ́ ọn pé kí wọ́n kà á fún wọn ní Yorùbá kí wọ́n tó tẹ̀ka. Ẹ má ṣe bá wọn tẹ̀ ẹ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún wọn pé, “Ẹ ṣáà tẹ̀ka síbí, Màmá, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.” Bí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀, kí ni wọ́n fẹ́ fi ìka wọn ṣe?

Lẹ́yìn tábìlì

Ẹ̀bi kò sí lọ́rùn ará ìlú nìkan. Kọmíṣánnà tí iye ìwé tó wà níwájú rẹ̀ pọ̀ lóòjọ́ yóò rí ìdẹwò láti fọwọ́ sí wọn ní ìdìpọ̀, kí àwọn oníwèé tó yọjú. Àṣà tó burú jù ni kí òṣìṣẹ́ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù òfìfo sílẹ̀ fún ọjọ́ tí kò bá ní wá síbi iṣẹ́. Ohun tó fi sílẹ̀ yẹn kì í ṣe ìwé. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló yá ẹni tí kò mọ̀. Ìdáàbòbò rẹ̀ kò sì ṣòro: kí olùbúra dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀, kó fi fọ́tò wé ojú, kó béèrè bóyá ó ti ka ìwé náà, kó gba ìbúra, kó rí i bó ṣe fọwọ́ sí i, kí òun náà tó wá fọwọ́ sí i, kó kọ orúkọ rẹ̀ ketekete lábẹ́ òǹtẹ̀, kó sì tẹ orúkọ náà sínú ìwé àkọsílẹ̀ ọjọ́ náà pẹ̀lú nọ́ńbà rìsíìtì. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Àwọn ọ̀gá kóòtù tó bá fẹ́ kí èyí ṣeé ṣe gbọ́dọ̀ yan òṣìṣẹ́ tó pọ̀ tó, kí wọ́n sì lẹ iye owó tí ìjọba ń gbà mọ́ ara ògiri, níbi tí ẹni tó ń bọ̀ láti ẹnu géètì yóò ti rí i kó tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Ẹni tí wọ́n mú ìwé ìbúra wá fún náà ní iṣẹ́ láti ṣe, ì báà jẹ́ báńkì, ilé ẹ̀kọ́, ẹbí tó fẹ́ pín ogún tàbí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀. Ẹ má fi wíwo òǹtẹ̀ ṣe ìwádìí, nítorí pé òǹtẹ̀ jẹ́ ohun tí oníṣẹ́ ọwọ́ lè gbẹ́. Ẹ wo orúkọ kóòtù àti ìlú, ẹ wo ọjọ́, kí ẹ sì bi ara yín bóyá ọjọ́ Àìkú tàbí ọjọ́ ìsinmi ni. Ẹ béèrè rìsíìtì. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí ọ́fíìsì akọ̀wé ilé ẹjọ́ tí wọ́n dárúkọ, ẹ béèrè bóyá ìwé náà wà nínú àkọsílẹ̀ wọn. Bó bá wà, ẹni tó bá lẹ́tọ̀ọ́ sí i lè san owó gba ẹ̀dà tí ilé ẹjọ́ jẹ́rìí sí, gẹ́gẹ́ bí abala 104 ṣe là á sílẹ̀: òṣìṣẹ́ yóò kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé ẹ̀dà tòótọ́ ni, yóò kọ ọjọ́, orúkọ àti ipò rẹ̀, yóò sì fi èdìdì sí i. Ẹ fi èyí wé ti ọwọ́ yín lẹ́yọ lẹ́yọ. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, ẹ rántí pé ìwé tó jáde láti kóòtù lóòótọ́ lè ní irọ́ nínú. Òǹtẹ̀ ń sọ pé ẹnìkan búra; kò sọ pé ilé ẹjọ́ ti wádìí ohun tó búra lé lórí. Ẹni tó ń ta ilẹ̀ tó fi ìwé ìbúra dípò rìsíìtì àti ìwé àdéhùn kò tíì fi hàn yín pé òun ló ni ilẹ̀.

Ní ti ìjìyà, ìwé òfin ọ̀daràn kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Ẹni tó bá jẹ́rìí èké nínú ẹjọ́ lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rìnlá gbára. Irọ́ tí a búra sí nínú ìwé tí òfin ní kí a búra sí, ọdún méje ni. Ìjìyà tí a rí lójú ni kì í sábà tó bẹ́ẹ̀. Salisu Buhari, tó kọ́kọ́ jẹ́ olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kékeré ní ọdún 1999, (kì í ṣe òun àti ti ẹjọ́ ààrẹ ló jẹ́ ẹnìkan náà) purọ́ lórí ọjọ́ orí rẹ̀ àti ìwé-ẹ̀rí yunifásítì. Wọ́n dá a lẹ́bi, wọ́n sì fún un ní ẹ̀wọ̀n ọdún méjì tàbí owó ìtanràn ẹgbẹ̀rún méjì náírà. Ó sanwó. Ọdún tó tẹ̀lé e, ìjọba dárí jì í.

Ṣùgbọ́n ìjìyà tí ẹ̀wọ̀n kò sí nínú rẹ̀ lè ju ẹ̀wọ̀n lọ. Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kejì ọdún 2020, tó ku ọjọ́ kan kí wọ́n búra fún David Lyon gẹ́gẹ́ bíi gómìnà Bayelsa, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Igbákejì rẹ̀ ló fa sábàbí: orúkọ tó wà lórí àwọn ìwé-ẹ̀rí tó kó fún àjọ elétò ìdìbò kò bá ara wọn mu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé ìbúra wà nínú ohun tó fi fẹ́ so wọ́n pọ̀. Kí ẹni tí orúkọ rẹ̀ yí padà láti ìwé kan sí òmíràn, yálà nítorí ìgbéyàwó tàbí nítorí pé tíṣà ṣi orúkọ rẹ̀ kọ, tètè lọ tún un ṣe bó ṣe yẹ, kí ó tó di ọjọ́ tí ó nílò rẹ̀.

Fún àwọn ènìyàn wa tó wà ní ìlú òyìnbó, ìwé ìbúra tí wọ́n bá ṣe níwájú nótárì ibẹ̀, tàbí níwájú adájọ́ tí èdìdì kóòtù rẹ̀ sì wà lórí rẹ̀, ṣeé lò ní kóòtù Nàìjíríà. Kò sí ìdí tí àbúrò tó wà nílé yóò fi bá wọn fọwọ́ sí i. Àtúnṣe tí wọ́n sì ṣe sí Òfin Ẹ̀rí ní ọdún 2023 ti là á sílẹ̀ pé ènìyàn lè búra láti ọ̀nà jíjìn níwájú òṣìṣẹ́ tó láṣẹ, lórí ẹ̀rọ tí wọ́n ti lè rí ara wọn kí wọ́n sì gbọ́ ohùn ara wọn, ó sì fàyè gba ìfọwọ́sí orí kọ̀ǹpútà. Àǹfààní ńlá ni, pàápàá fún arúgbó tí kò lè gun àtẹ̀gùn kóòtù mọ́. Ojú ṣì gbọ́dọ̀ ṣe mẹ́rin ní ìbámu pẹ̀lú tuntun yìí: òṣìṣẹ́ ní láti rí i pé kò sí ẹnìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà tó ń sọ ohun tí bàbá yóò sọ fún un, kó sì tọ́jú ohùn àti àwòrán tó gbà.

Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa bá ti ka èyí, tó sì rántí pé ọ́fíìsì lọ́yà lòun ti fọwọ́ sí ìwé òun, kó má ṣe dákẹ́. Abala 113 fún adájọ́ láàyè láti gba ìwé tí ìrísí rẹ̀ ní àléébù, bó bá dá a lójú pé wọ́n búra sí i níwájú ẹni tó láṣẹ. Abala 114 sì gbà kí wọ́n tún ìwé tó ní àléébù ṣe, kí wọ́n tún búra sí i, bí kóòtù bá yọ̀ǹda. Ó rọrùn púpọ̀ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ pe agbẹjọ́rò yín, ẹ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an fún un, kí ẹ sì ní kó mú yín lọ síwájú Kọmíṣánnà. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ yín dání.